Oògùn ìsoríkọ́ fún ẹni tí awọ ara ń dà láàmú: ìfiwéra fún yíyàn àti fún ìtọ́jú

Ẹni tí ara ń yún láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí kì í sábà sọ fún dókítà pé òun ti sorí kọ́. Ohun tí yóò sọ ni pé òun kò rí oorun sùn, pé ara òun ń gbóná, pé ó ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ, àti pé ìpara tí wọ́n fún òun kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá tẹjú mọ́ awọ ara nìkan, ìpara mìíràn ni yóò kọ, aláìsàn náà yóò sì gbé ẹrù tó gbé wá padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ìsoríkọ́ wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ní psoriasis (àìsàn tí ń mú kí awọ nípọn kó sì máa bó), ẹ́kísímà, vitiligo tàbí irorẹ́ tó le, ju bó ṣe wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí awọ ara wọn mọ́ lọ. Nílẹ̀ wa, ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tí vitiligo bá bu funfun sí lójú lè rí i kí àwọn ará ilé máa yẹra fún abọ́ tó fi jẹun, nítorí wọ́n rò pé ẹ̀tẹ̀ ni. Vitiligo kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀tẹ̀, àmọ́ ìbànújẹ́ tí ìyẹra yẹn ń dá sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìpara lè wò sàn.

Nígbà tí dókítà àti aláìsàn bá ti wá fẹnu kò pé oògùn ìsoríkọ́ yẹ, ìbéèrè tó kù ni pé èwo nínú wọn. Ní ti gbígbé ọkàn ró, àwọn oògùn wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ní ti ohun tí wọ́n ń ṣe sí awọ ara, wọ́n jìnnà síra gan-an: òmíràn a máa pa ara yíyún, òmíràn a máa mú ara sú, òmíràn kò sì bá oògùn làpálàpá tí aláìsàn ti ń lò tẹ́lẹ̀ rẹ́ rárá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú orúkọ oògùn kankan: báwo ni òru aláìsàn yìí ṣe ń rí, àti kí ni ó wà nínú àpò oògùn rẹ̀?

Ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó yàn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí ibí gan-an ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àìsàn awọ ara ló mú ìbànújẹ́ wá. Àwọn kan wà tí awọ ara wọn kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí ọwọ́ wọn kì í kúrò lára: wọ́n a máa fi èékánná yọ ẹ̀ẹ̀pá egbò, wọ́n a máa tẹ irorẹ́ tí kò tíì pọ́n, títí ojú àti apá yóò fi kún fún àpá. Àwọn kẹta dá wọn lójú pé kòkòrò ń gbé inú awọ wọn, wọ́n sì lè di ẹ̀ẹ̀pá ara tàbí òwú aṣọ sínú páálí ìṣáná wá fún dókítà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Oògùn ìsoríkọ́ nìkan kì í ṣe ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún ẹni kẹta yìí. Àwọn oògùn bíi risperidone tàbí olanzapine ni dókítà ọpọlọ máa ń kọ́kọ́ rò.

Bákan náà, ó yẹ ká wádìí bóyá oògùn awọ ara fúnra rẹ̀ ló ń da ọkàn rú. Prednisolone, tó jẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ìdì, lè mú inú ẹni dùn lódì, ó lè mú un bàjẹ́, ó sì lè lé oorun lọ. Isotretinoin tí wọ́n ń lò fún irorẹ́ líle kò tíì bọ́ nínú àríyànjiyàn lórí ìsoríkọ́, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ń bi í léèrè bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ká sì béèrè nípa ìgbà àtijọ́: ṣé ìgbà kan wà tí aláìsàn kò sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ síbẹ̀ tí kò rẹ̀ ẹ́, tó ń náwó bí ẹni tí kò mọ iye rẹ̀? Fífún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn ìsoríkọ́ lásán lè tú ìgbónára ọkàn sílẹ̀.

Ìwé ìbéèrè PHQ-9 wúlò fún wíwọn bí ìsoríkọ́ ṣe pọ̀ tó, èyí tí wọ́n ń pè ní DLQI, tí wọ́n ṣe ní Cardiff tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 1994, sì ń fi hàn bí àìsàn awọ ara ṣe ń ṣèdíwọ́ fún ìgbé ayé. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó lè gba ipò ìbéèrè tí a fi ohùn jẹ́jẹ́ bi èèyàn lójúkojú: “Ẹ má bínú, ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé kí ẹ kúkú fòpin sí ẹ̀mí ara yín?” Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ọkàn ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn sí i ni yóò sì sọ irú oògùn tí a kò gbọdọ̀ kó lé e lọ́wọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Doxepin àti mirtazapine: fún ẹni tí òru ń pọ́n lójú

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta aṣọ, tí ẹ́kísímà ti wà lára rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Bó bá di alẹ́, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ọwọ́ méjèèjì sùn kó má baà họ ara títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti kán sí aṣọ ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ń sunkún nígbà tí kò sí ẹni tó bá a wí, oúnjẹ kò sì wù ú mọ́. Fún irú ìyá yìí, oògùn tó lè pa ara yíyún, tó lè mú oorun wá, tó sì lè gbé ọkàn ró pọ̀ ni a ń wá, àwọn méjì yìí ló sì súnmọ́ ọn jù.

Doxepin wà nínú ẹbí àwọn oògùn ìsoríkọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní tricyclic. Agbára tó fi ń dènà histamine, èròjà ara tí ń mú ara yún tó sì ń mú un lé, pọ̀ lọ́pọ̀ ìlọ́po ju ti àwọn oògùn ara yíyún tí a sábà ń rà ní kẹ́mísì lọ. Mílígíráàmù 10 sí 25 lálẹ́ lè tó fún ara yíyún tàbí fún ara lílé tó ti di bárakú. Ṣùgbọ́n fún ìsoríkọ́, ìwọ̀n tí ń ṣiṣẹ́ máa ń tó 75 sí 150 lójúmọ́. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé dúró lé e lórí: ẹni tó ń lo mílígíráàmù 10 nítorí ara yíyún kò tíì gba ìtọ́jú ìsoríkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ oògùn ìsoríkọ́ wà lára páálí tó gbé dání.

Mirtazapine náà ń dènà histamine, ó sì ń dènà àwọn ibi kan tí serotonin, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra, ti ń ṣiṣẹ́. Mílígíráàmù 7.5 tàbí 15 lálẹ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gòkè dé 45 fún ìsoríkọ́. Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n kékeré rẹ̀ ń mú èèyàn sùn ju ìwọ̀n ńlá lọ, nítorí náà ẹni tó bá rò pé kí òun gé e sí méjì kí oorun lè dínkù lè rí òdìkejì ohun tó ń wá. Wọ́n ti lò ó fún ara yíyún òru, fún èyí tó bá àrùn jẹjẹrẹ wá àti fún ti àìsàn kíndìnrín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ yẹ kó kéré fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bí a bá fi wọ́n síra, doxepin lágbára jù lórí ara tó ń lé wúlé-wúlé, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ ẹnu, ó ń dí ìgbẹ́, ó sì lè mú kí ìtọ̀ ṣòro fún bàbá àgbà tí próstéètì rẹ̀ ti wú. Kò yẹ fún ẹni tó ní irú glaucoma (àrùn ojú) tí igun ojú rẹ̀ dí. Lékè gbogbo rẹ̀, bí èèyàn bá gbé e mì lápọ̀jù, ó lè dá ọkàn àyà dúró. Mirtazapine kò ní ewu ìkẹyìn yìí tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí oúnjẹ dùn jù lẹ́nu, ara sì ń sanra. Fún ìyá aláṣọ wa tí oúnjẹ kò wù mọ́, oore ni. Fún ẹni tó ní psoriasis, tó ti sanra tẹ́lẹ̀ tí ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń yọjú, ó yẹ ká rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ibà, ọ̀fun dídùn àti egbò ẹnu bá sì yọ lójijì sí ẹni tó ń lo mirtazapine, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní kíá, nítorí ní ìgbà díẹ̀ ó lè dín àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù.

Tèmi ni pé bí ìsoríkọ́ bá ti hàn gbangba, mirtazapine ni kó ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ pé ara lílé ló le jù tí ọkàn kò sì tíì rẹ̀ púpọ̀, doxepin ìwọ̀n kékeré. Awakọ̀ tí ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún méjèèjì, nítorí oorun wọn lè ṣẹ́kù sójú di àárọ̀. Lílo oògùn náà ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú àkókò ìsùn lè ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kó kọ́kọ́ dán an wò ní ọjọ́ tí kò ní jáde. Ìpara doxepin tún wà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Kò yẹ ká lò ó kọjá ọjọ́ 8. Awọ ara máa ń fà á mu débi pé ó lè mú oorun kunni, òun fúnra rẹ̀ sì lè di ohun tí awọ ara kọ̀.

Amitriptyline

Òun ni ó wọ́pọ̀ jù ní ilé oògùn wa, ó sì wà lórí àkójọ oògùn tó ṣe kókó ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ̀gbọ́n doxepin ni: àbùkù kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ibi tí amitriptyline ti tayọ ni ìrora àti ara yíyún tó ti ara iṣan wá, irú èyí tí ń jó bí ata tàbí tí ń gún bí abẹ́rẹ́, pàápàá lẹ́yìn herpes zoster, tí ń yọ ní apá kan ara tí ìrora rẹ̀ sì lè kù lẹ́yìn tí awọ ti jinná. Mílígíráàmù 10 sí 25 lálẹ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ó rọrùn láti rí, ó rọrùn láti kó pamọ́. Fún ẹni tó ti ń ro ikú, kí wọ́n má ṣe fún un ní èyí tó kọjá ti ọ̀sẹ̀ kan, kí ará ilé kan sì máa tọ́jú páálí rẹ̀. Oògùn tricyclic lè mú kí oòrùn tètè pa awọ lára, nítorí náà mi ò ní fi ṣe àkọ́yàn fún àfín.

Sertraline, fluoxetine àti àwọn ará wọn

Àwọn wọ̀nyí ni SSRI, tí ń jẹ́ kí serotonin pẹ́ kó tó wọlé padà láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Wọn kì í sábà mú oorun kunni, wọn kò sì léwu tó tricyclic bí a bá gbé wọn mì lápọ̀jù. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ara kò yún lóru, tí ìṣòro wọn jẹ́ ìtìjú, ìbẹ̀rù àwùjọ àti ìbànújẹ́, ibẹ̀ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ara yíyún kan wà tí histamine kọ́ ló ń fà á. Àwọn tó ti dàgbà kí Nàìjíríà tó kúrò lórí chloroquine fún ibà ní ọdún 2005 yóò rántí ara yíyún tí ń tẹ̀ lé e, tí èèyàn yóò máa fi ara nu ògiri, tí Piriton kò sì ràn án púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara yíyún ti àìsàn ẹ̀dọ̀ tí òróòro kò ráyè ṣàn. Sertraline, mílígíráàmù 75 sí 100 lójúmọ́, wà lára ohun tí wọ́n ń lò fún ti àìsàn ẹ̀dọ̀ yìí nígbà tí àwọn oògùn àkọ́kọ́ kò bá ràn án. Bí ìyá ọlọ́mọ bá ń fún ọmọ lọ́mú, sertraline náà ni ó sábà ń ṣáájú, nítorí èyí tí ń wọ inú ọmú kéré.

Fluoxetine ni a máa ń rò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára egbò, ṣùgbọ́n kó má ṣe dá wà: ìtọ́jú tí ń kọ́ èèyàn láti mọ ìgbà tí ọwọ́ fẹ́ lọ síbi egbò, kí ó sì fi nǹkan mìíràn dí i lọ́wọ́, ṣe pàtàkì bíi hóró oògùn. Ẹni tó gbà pé ojú òun ti bàjẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn kò rí nǹkan kan níbẹ̀ máa ń nílò ìwọ̀n SSRI tó ga ju ti ìsoríkọ́ lásán lọ, àti ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí a tó lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Àbùkù fluoxetine ni pé nínú àwọn ìwádìí tó ṣáájú ìfọwọ́sí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí èèyàn 7 nínú 100 ni ara wọn sú tàbí tó lé. Ó sì ń pẹ́ lára gan-an.

Paroxetine ti ran àwọn kan lọ́wọ́ lórí ara yíyún tó bá àrùn jẹjẹrẹ wá, àmọ́ jíjáwọ́ rẹ̀ le, ó sì ń bá oògùn púpọ̀ jà. Citalopram kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 40 lójúmọ́, tàbí 20 fún ẹni tó ti lé ní ọdún 60, nítorí ó lè yí ìlù ọkàn àyà padà. Gbogbo ẹbí yìí pátá ló lè mú èèyàn làágùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ní ẹ́kísímà mọ ohun tí òógùn ń ṣe ní ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún nínú ooru oṣù kẹta, nítorí náà kí wọ́n sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì lè pa ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kú, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní sọ bí a kò bá bi wọ́n.

Bupropion, lithium, lamotrigine

Bupropion, oògùn ìsoríkọ́ mìíràn, kì í mú ara sanra, kì í sì í da ìbálòpọ̀ rú. Ṣùgbọ́n ó lè mú ara lé, ó lè mú ibà àti ìrora oríkèé wá pẹ̀lú ara sísú, a sì ti rí i tí psoriasis le sí i lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí fún ẹni tó ní wárápá. Lithium, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, ni ó yẹ kí ẹni tó ní psoriasis bẹ̀rù jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ó ń ru ú sókè, ó ń mú kó ṣòro wò, ó sì ń mú irorẹ́ jáde. Lamotrigine, tí wọ́n ń lò fún ìsoríkọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní mílígíráàmù 25 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó gòkè sí 50. Bí valproate, oògùn wárápá, bá wà níbẹ̀, kó jẹ́ 25 ní ọjọ́ kan, kí ọjọ́ kejì kọjá láìlò ó, nítorí ìkánjú lè yọrí sí kí awọ máa bó bí ẹni tí iná jó.

Ohun tó wà nínú àpò oògùn

Kí aláìsàn da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, títí kan èyí tó rà lójú títì. Terbinafine, oògùn làpálàpá tí a ń gbé mì, ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ fi ń fọ́ amitriptyline, doxepin àti paroxetine, ipa rẹ̀ sì lè kù lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti lò ó tán. Mílígíráàmù 25 lè wá máa ṣe bí ìwọ̀n tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fluconazole ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí citalopram àti amitriptyline. Hydroxyzine tí a ń lò fún ara yíyún àti hydroxychloroquine tí àwọn tó ní lupus ń lò kò yẹ kí wọ́n bá citalopram pàdé láìsí ECG, àyẹ̀wò tí ń wo ìlù ọkàn àyà. Ẹni tí psoriasis ti wọ oríkèé rẹ̀, tó ń lo ibuprofen tàbí diclofenac, lè ní ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn bí SSRI bá kún un. Tramadol pẹ̀lú SSRI lè fa gìrì. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ẹ̀tẹ̀ ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè jẹ sertraline àti àwọn tricyclic tán. Ewé St John's wort tí àwọn ènìyàn wa ní Bírítéènì àti Amẹ́ríkà máa ń rà fún ìbànújẹ́ ń dín ciclosporin, oògùn tí wọ́n ń lò fún psoriasis líle, kù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí oòrùn jó awọ. Ká bi aláìsàn nípa àgbo pẹ̀lú, láìfi í ṣe yẹ̀yẹ́, kó lè sọ òtítọ́.

Lẹ́yìn tí oògùn bá ti bẹ̀rẹ̀

Ara yíyún àti oorun lè yí padà láàrin ọjọ́ mélòó kan lórí doxepin tàbí mirtazapine. Ọkàn kì í yá bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, 6 sí 8 kí a tó lè dájọ́. Ìgbà tí ara ti fúyẹ́ díẹ̀ tí ọkàn kò tíì yá yìí gba ìṣọ́ra, pàápàá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, nítorí èrò ìpara-ẹni lè pọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí dókítà rí i láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Bí ara bá sú, ká má ṣe wá pípupa lára aláwọ̀ dúdú, nítorí kì í sábà hàn. Àwọ̀ elésè àlùkò tàbí dúdú kirikiri ni a óò rí, tàbí kí ọwọ́ kàn án kó gbóná kó sì máa dùn ún. Ká la ẹnu rẹ̀ wò, ká wo ojú, ká béèrè nípa ojú ara. Bí awọ bá ń dùn ún ju bó ṣe ń yún un lọ, bí ẹnu tàbí ojú bá bó, bí ibà bá wà, tàbí bí ìléròrò bá yọ, kí ó dá oògùn náà dúró kó sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà. Bó bá sì jẹ́ àmì roboto dúdú kan tí ń padà sí ojú kan náà, ká béèrè nípa Septrin tàbí Fansidar ká tó dẹ́bi fún oògùn ìsoríkọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ nípa fífi abẹ́rẹ́ gún awọ gbọ́dọ̀ ti dá doxepin dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, nítorí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èsì rẹ̀ lè parọ́.

Nígbà tí ọkàn bá ti yá, kí oògùn tẹ̀ síwájú fún oṣù 6 ó kéré tán, bí awọ ara tilẹ̀ ti mọ́. Kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, pàápàá paroxetine, tí ìdádúró òjijì rẹ̀ ń mú òòyì wá àti bíi kí iná mànàmáná máa ta lórí. Fluoxetine ń rọra jáde fúnra rẹ̀; ìyókù rẹ̀ lè wà lára tó ọ̀sẹ̀ 5, nítorí náà ara tó sú nítorí rẹ̀ lè má tètè rọlẹ̀, oògùn tuntun tí a bá fi rọ́pò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù.